Láti Sevilla sí Granada: Ọkọ̀ Wo Ni Ká Wọ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Gúúsù orílẹ̀-èdè Spéìn, ní agbègbè Andalucía, ni ìlú méjèèjì wà. Sevilla ló ni odò Guadalquivir àti kàtídírà tí ibojì Christopher Columbus wà nínú rẹ̀. Granada ló ni Alhambra, ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí tó jókòó sórí òkè, tí òjò dídì Sierra Nevada sì ń funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá dé ọ̀kan kì í fẹ́ pa dà sílé láì rí èkejì. Àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn wa máa ń bi mí nípa ọ̀nà àárín wọn, kí wọ́n tó gbéra ní Lọ́ńdọ́nù tàbí Èkó, ni mo dáhùn síbí. Owó ọkọ̀ máa ń lọ sókè sódò, ẹ wò ó lórí fóònù yín kí ẹ tó san ohunkóhun.

Báwo ni ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra tó?

Ó tó 250 kìlómítà. Títì kan tí wọ́n ń pè ní A-92 ló so wọ́n pọ̀, wọn kì í sì í gba owó ibodè lójú ọ̀nà náà. Ó fi díẹ̀ ju Èkó sí Òṣogbo lọ, àmọ́ ẹ yọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kúrò níbẹ̀. Mọ́tò kékeré ń lo nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀, bọ́ọ̀sì ń lo bíi mẹ́ta.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bọ́ọ̀sì ni àbí rélùwéè?

Bọ́ọ̀sì, fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn.

Mo mọ̀ pé ó máa ń ya àwọn kan lẹ́nu. Òkìkí rélùwéè ayára-bí-àṣá Spéìn ti kàn dé ọ̀dọ̀ wa, òótọ́ sì ni: láti ọdún 1992, nígbà tí Sevilla ń gbàlejò àfihàn àgbáyé Expo, ni wọ́n ti ń fi rélùwéè AVE sáré láti Madrid wá sí ìlú náà. Ṣùgbọ́n Granada kò rí tirẹ̀ gbà títí di ọdún 2019. Ohun tó sì wá ń ba nǹkan jẹ́ ni pé ojú irin tó yára kò gba àárín ìlú méjèèjì kọjá tààrà. Rélùwéè máa kọ́kọ́ gòkè lọ sápá Córdoba, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, kó tó yí orí pa dà sí gúúsù, kó gba agbègbè Antequera, kó tó wá dorí kọ Granada. Eré tó ń sá pọ̀, ọ̀nà tó ń gbà ló wọ́. Nígbà tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ tán, bóyá ìdajì wákàtí ni ẹ jèrè lórí bọ́ọ̀sì, nígbà míì ẹ ò jèrè ohunkóhun, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ máa wọ ọkọ̀ méjì.

Iye ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra náà tún wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń lọ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Rélùwéè tó bá àkókò yín mu lè má ju ọ̀kan tàbí méjì lọ lóòjọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ọmọ dání, tó ń fa àpótí, kì í fẹ́ kí ọkọ̀ kan ṣoṣo máa pàṣẹ fún òun.

Ìgbà wo wá ni rélùwéè dára jù?

Ó dára jù fún ẹni tí òòyì máa ń kọ́ lórí títì, tí èébì máa ń gbé nínú bọ́ọ̀sì. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ ya Córdoba (ìbéèrè rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀). Ó tún dára fún ẹni tí ilé ìtura rẹ̀ ní Granada kò jìnnà sí Avenida de Andaluces, torí ibẹ̀ ni rélùwéè ń já èèyàn sí, ó sì sún mọ́ àárín ìgboro ju ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì lọ dáadáa.

Santa Justa ni ẹ ti máa wọ̀ ọ́ ní Sevilla. Ẹ débẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú, torí wọ́n ń ti ẹrù kọjá nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn kí rélùwéè tó gbéra gan-an. Kí ẹ tó tẹ “comprar” (ìyẹn, rà á) lórí fóònù, ẹ ka ìwé náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà “transbordo”, ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ Antequera-Santa Ana ni ẹ ti máa pààrọ̀, ẹ má ṣe jáde kúrò nínú ọgbà ibùdókọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ wo ìlú. Kò sí ìlú kankan níbẹ̀. Ó ju kìlómítà 15 lọ sí ìgboro Antequera, oko ló yí ibẹ̀ ká.

Kí ló dé tí ẹ ń sọ pé ká ra tíkẹ́ẹ̀tì Alhambra ká tó ra ti ọkọ̀?

Torí pé bọ́ọ̀sì pọ̀, àyè Alhambra ni kò pọ̀. Bí mo bá ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo láti fún yín nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun nìyẹn, ó sì ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti rélùwéè lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì Alhambra ní ọjọ́ lára, ó sì ní wákàtí lára. Ẹ lè rìn káàkiri ọgbà Generalife àti ilé odi Alcazaba bó ṣe wù yín lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ààfin gan-an, ibi tí wọ́n ń pè ní Palacios Nazaríes, wákàtí tí wọ́n kọ sórí ìwé yín nìkan ni wọ́n máa jẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá pẹ́, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. “Bọ́ọ̀sì ló pẹ́” kì í ṣe àlàyé tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ààfin yìí sì ni èèyàn tìtorí ẹ̀ wá láti ilẹ̀ òkèèrè: ibẹ̀ ni àgbàlá àwọn kìnnìún wà, ibẹ̀ ni àwọn ògiri tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá gbẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé àjà wà. Inú ìlú yìí ni ọba Mùsùlùmí tó kẹ́yìn ní Spéìn ti fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀ fún àwọn ọba Kristẹni, Isabel àti Fernando, ní ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1492.

Orúkọ yín àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín ni wọ́n máa kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n sì máa bi yín léèrè pásípọ́ọ̀tù ọ̀hún lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ nínú àpótí ní ilé ìtura kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ibẹ̀, Patronato de la Alhambra y Generalife, ni kí ẹ ti rà á. Ìkànnì tó jọ tiwọn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tà á ní ìlọ́po méjì owó. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ rìnrìn àjò. Ní àsìkò ooru wọn àti Ọdún Àjíǹde, ó ti máa ń tán tipẹ́.

Ẹ wá fi wákàtí ààfin yín ṣírò ọkọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ká ní aago méjì ọ̀sán ni wọ́n kọ fún yín. Bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ àárọ̀ máa gbé yín dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ẹ gbé ẹrù lọ sí ilé ìtura, torí àpò ńlá kò wọ inú Alhambra. Ẹ jẹun díẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì kékeré C30 tàbí C32 gòkè, ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìrìn, torí inú ọgbà yẹn gbòòrò. Ẹ ò ní máa mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹni tó bá wọ ti aago mẹ́wàá nítorí oorun àárọ̀, aago kan ló máa dé, ẹrù ṣì máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, inú tákísì ló ti máa máa wo aago. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ sun Granada mọ́jú, kí ẹ fi Alhambra sí ọjọ́ kejì.

Tíkẹ́ẹ̀tì ti tán ńkọ́?

Ẹ tún ìkànnì wọn wò ní òru àti ní ìdájí, àwọn kan máa ń dá tiwọn pa dà. Ẹ wo ti alẹ́. Ẹ wo èyí tó jẹ́ ọgbà àti Alcazaba nìkan. Àwọn amọ̀nà náà ní ìpín tiwọn, ó wọ́n díẹ̀ ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ẹ gòkè lọ sí Mirador de San Nicolás, ibi ìwòran kan lórí òkè, ní ìrọ̀lẹ́. Ààfin náà máa wà ní òdìkejì, ẹ máa rí i tónítóní, láìsan kọ́bọ̀.

Ibo ni a ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní Sevilla, báwo la sì ṣe ń rà á?

Ibùdókọ̀ méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Plaza de Armas ni ti Granada, lẹ́bàá odò, kò jìnnà sí afárá tó lọ sí Triana. Prado de San Sebastián ni èkejì, àwọn ọkọ̀ ìlú ìtòsí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá wọ tákísì tí ẹ kàn sọ pé “estación de autobuses”, awakọ̀ lè gbé yín lọ sí èyí tí kò yẹ. Ẹ dárúkọ Plaza de Armas.

ALSA ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé èrò lọ. Orí fóònù ló rọrùn jù láti rà á, ó sì sábà máa ń wà láàárín yúrò 20 sí 35, bó bá ṣe yá àti bí ọkọ̀ ṣe dára sí. “Ida” ni àlọ nìkan, “ida y vuelta” ni àlọ àti àbọ̀. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ náà “dársena” lórí pátákó iná: nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ibi tí ọkọ̀ yín máa dúró sí. Kì í hàn títí ó fi kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ò rí i. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé àpótí sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Awakọ̀ á wo tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù yín, á mi orí, ó parí.

Ẹ yan ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ bá ń lọ sí Granada. Lẹ́yìn Sevilla, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, igi ólífì ni lọ́tùn-ún lósì, ó tò lọ títí bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá kọjá ìlú Loja, òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, lẹ́yìn náà Sierra Nevada á yọ lójú fèrèsé ọ̀tún yẹn. Ẹ mú súwẹ́tà dání pẹ̀lú. Ooru ìta lè mú bí iná, kí inú bọ́ọ̀sì tutù nini.

Bọ́ọ̀sì ti já wa sí Granada. Ó kù?

Ó kù díẹ̀, torí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì Granada wà lójú Carretera de Jaén, ní ẹ̀yìn ìlú. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ẹrù. Bọ́ọ̀sì ìlú 33 ń wọ àárín ìgboro, ó ń gba Gran Vía, níbi tí kàtídírà wà. Tákísì náà kò wọ́n tí ẹ bá pé mẹ́ta.

Métírò wà lẹ́nu ibùdókọ̀ náà, ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i, ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ìwọ̀-oòrùn ìlú ló ń gbà kọjá. Kì í dé ìgboro àtijọ́, kì í sì í gòkè Alhambra. Ẹni tí ilé ìtura rẹ̀ wà ní Camino de Ronda ni ó wúlò fún.

Ṣé ká háyà mọ́tò?

Tó bá jẹ́ Sevilla sí Granada nìkan ni, èmi ò ní háyà. Títì A-92 rọrùn láti wà, 120 kìlómítà ni òfin sọ pé ká má kọjá ní wákàtí kan. Inú ìlú ni wàhálà wà. Òpópónà Albaicín, àdúgbò àtijọ́ ní Granada, ẹ̀yin náà máa rí i: àwọn kan wà tí dígí mọ́tò máa ha ògiri lọ́tùn-ún kó ha á lósì. Èyí tó tún burú jù ni pé wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò àlejò wọ ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ọ. Kò sí ọlọ́pàá tó máa dá yín dúró, ẹ̀ ẹ́ kàn wakọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, owó ìtanràn á wá tẹ̀lé yín lẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ tó háyà mọ́tò á tún yọ owó tiwọn lórí ẹ̀. Bí ilé ìtura yín bá wà nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú kí wọ́n fi nọ́ńbà mọ́tò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú.

Láísẹ́nsì Nàìjíríà nìkan kò tó. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé nílé kí ẹ tó kúrò, kí ẹ mú méjèèjì dání. Ilé-iṣẹ́ tó ń háyà mọ́tò sábà máa ń béèrè káàdì kírẹ́díìtì tó ní orúkọ awakọ̀ lára, láti fi dí owó ìdúró.

Ìgbà tí mo máa sọ pé “ẹ háyà” ni tí ẹ bá fẹ́ dúró káàkiri: ní Osuna, ìlú tó ti ní yunifásítì láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ní ìgboro Antequera, níbi tí àwọn ibojì olókùúta ńláńlá ìgbà ìwáṣẹ̀ wà, tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2016, tàbí ní Santa Fe, ní ìtòsí Granada, ibi tí Columbus ti bọwọ́ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ní oṣù kẹrin ọdún 1492. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà kò ní dúró nítorí yín.

BlaBlaCar ńkọ́?

Ètò tí onímọ́tò fi ń gbé èrò tó ń lọ ibi tí òun náà ń lọ ni, wọ́n á jọ pín owó epo. Àwọn ọ̀dọ́ Spéìn ń lò ó gan-an. Ó sábà dín sí owó bọ́ọ̀sì, ó sì lè yá jù ú lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé onímọ́tò lè yí ọkàn pa dà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò ní wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ní wákàtí Alhambra lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ìpadàbọ̀ ni, kò burú.

Ọkọ̀ òfúrufú?

Rárá. Ẹ máa gba ìlú míì yípo. Ibi tí ẹ̀ ń lọ ò tóbẹ́ẹ̀.

Ṣé a lè ya Córdoba lójú ọ̀nà?

Ẹ lè yà á, inú mi á sì dùn. Rélùwéè yára láti Sevilla dé Córdoba ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Mezquita wà níbẹ̀: mọ́sálásí àtijọ́ tó ní òpó lé ní 800, tí wọ́n wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí àárín rẹ̀ gbàgede. Ibùdókọ̀ rélùwéè àti ti bọ́ọ̀sì dojú kọra ní Córdoba, ojú títì ló là wọ́n láàárín. Èyí ló jẹ́ kí ètò náà rọrùn: ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “consigna” sí, ẹ kó ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀ ní àárọ̀, ẹ wo Mezquita, ẹ jẹun, kí ẹ wọ rélùwéè tàbí bọ́ọ̀sì tó ń lọ Granada ní ìrọ̀lẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni ẹ máa rà, ọ̀kan dé Córdoba, ọ̀kan láti ibẹ̀. Ìgbà yìí ni rélùwéè borí bọ́ọ̀sì láìsí àríyànjiyàn.

Ṣé a lè lọ ká sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Ó ṣeé ṣe. Wákàtí mẹ́fà ni ẹ máa fi jókòó sínú ọkọ̀, ẹ máa rí Alhambra nìkan, ẹ̀ ẹ́ sì pàdánù alẹ́ Granada, níbi tí ọtí kan tí ẹ bá rà ti máa ń bá àwo oúnjẹ kékeré wá lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò gbà yín níyànjú.

Àsìkò wo ló le jù láti rí ọkọ̀?

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, tí wọ́n ń pè ní Semana Santa. Ìwọ́de àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń dí òpópónà Sevilla lọ́sàn-án lóru, débi pé tákísì tó fẹ́ gbé yín lọ sí ibùdókọ̀ lè má rí ọ̀nà. Ẹ fi wákàtí kan kún un, tàbí kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Feria de Abril, ayẹyẹ ńlá ìlú Sevilla. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjọ́ Jímọ̀ àti Sunday ìrọ̀lẹ́, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Granada ló ń kún inú bọ́ọ̀sì. Ní oṣù keje àti kẹjọ, ooru Sevilla lè kọjá ìwọ̀n 40. Ọkọ̀ àárọ̀ ló dára nígbà náà.

Málaga ni ọkọ̀ òfúrufú wa máa balẹ̀ sí. Ṣé ká kọ́kọ́ lọ Sevilla?

Granada ló sún mọ́ Málaga jù, bíi kìlómítà 125. Bọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ ń lọ síbẹ̀ láti pápákọ̀ òfúrufú gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Granada, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ Sevilla, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ lè rí ọkọ̀ òfúrufú Sevilla pa dà sílé. Ẹ ò ní rin ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé wo la nílò lójú ọ̀nà?

Kò sí ibodè láàárín ìlú méjèèjì. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ti gba físà Schengen kó tó wọ Spéìn, kódà bó bá ní ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú ojúlówó pásípọ́ọ̀tù dání nínú ọkọ̀, torí ọlọ́pàá lè béèrè rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ẹ dáhùn jẹ́jẹ́, ẹ fi hàn, ẹ máa lọ.

Ṣé ìtàn àwa aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀?

Ó wà, àwọn amọ̀nà kì í sì í sábà mẹ́nu kàn án. Ní Sevilla, ẹgbẹ́ ìsìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Los Negritos. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gonzalo de Mena ló dá a sílẹ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó sì ṣì ń jáde nínú ìwọ́de Semana Santa títí dòní. Ilé ìsìn wọn wà ní Calle Recaredo, ẹsẹ̀ lè gbé yín débẹ̀ láti Santa Justa tí rélùwéè yín bá ṣì kù díẹ̀. Lẹ́bàá kàtídírà ni Archivo de Indias wà. Ibẹ̀ ni ìwé ìjọba Spéìn nípa Amẹ́ríkà wà, títí kan ti Cuba, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lọ.

Ní Granada, Juan Latino ni kí ẹ béèrè. Ẹrú ni nínú ilé ìjòyè kan ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó kọ́ èdè Látìn títí ó fi di olùkọ́ni rẹ̀ nílùú náà.

Ṣé oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì?

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú àwọn kan, kò sí nínú àwọn míì. Ẹ lò ó ní Plaza de Armas kí ẹ tó wọlé. Oúnjẹ kò sí. Ẹ ra búrẹ́dì àti omi, ẹ má gbé ohun tó ń rùn wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ Granada máa ń ti ilé ìdáná láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ẹni tó bá wọ ọkọ̀ aago méjì ọ̀sán kí ó ti jẹun yó.